Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ló Dé Ojú Mi

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi fún yín lónìí. Inú ń bí mi gan-an, ara mi ni mo sì ń bínú sí.

Irun ni mò ń dì, ní Àgùdà níbí. Láti kékeré ni mo ti ń lo awò ojú tó nípọn débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Ìyá Àgbà. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní London, ó sì ní kí wọ́n fi lésà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gé nǹkan bí ọ̀bẹ, tún iwájú ẹyinjú mi ṣe. A ò sọ fún Màmá wa, torí ó ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fi irin kan ojú ọmọ òun.

Mo délé láìlo awò. Màmá pariwo! Ó ní àdúrà òun ti gbà. Kó tó di pé mo lanu, ó ti fà mí dé iwájú pẹpẹ. Kí ni mo wá sọ? Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é, kò sí ọ̀bẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fò sókè. Bí mo ṣe di Sister Ojú Ìyanu nìyẹn o!

Lọ́dún tó kọjá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, bí ẹni ń wòta láti inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ní ọsibítù, wọ́n ní katarátì ni, pé lẹ́ǹsì, ìyẹn dígí tó wà nínú ẹyinjú, ti ṣú, àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Pásítọ̀ ló bẹ Màmá kó tó gbà. Ó sì ní òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ tí a lọ, nọ́ọ̀sì mú bírò. "Àǹtí, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sójú yín rí? Lésà ńkọ́?"

Màmá gbà á lẹ́nu mi: "Ọlọ́run nìkan ló ti fọwọ́ kan ojú ọmọ mi!"

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Òkùnkùn náà lọ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo nǹkan rí bàìbàì, èyí tó sún mọ́ mi ló burú jù. Dókítà ní kí Màmá dúró níta, ó wá rọra bi mí bóyá mo ti ṣe lésà rí. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó ní lésà yẹn ló jẹ́ kí ìwọ̀n ojú mi tí ẹ̀rọ gbé jáde, èyí tí wọ́n fi yan lẹ́ǹsì tuntun, ṣì wọ́n lọ́nà, pé ká ní mo ti sọ ni, ọ̀nà míì làwọn ì bá gbà ṣírò lẹ́ǹsì náà. Irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ bá a.

Mo ti padà sídìí awò. Ìlà tí mò ń là sórí àwọn èèyàn ti ń wọ́. Kọ́sítọ́mà mi kan dìde pẹ̀lú irun ààbọ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Màmá ńkọ́? Ní gbogbo Ọjọ́rú ló ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọwọ́ dókítà tó ba ojú ọmọ òun jẹ́ ò ní ṣe rere. Èmi náà sì ń ṣe àmín! Ẹ ò rí ayé mi?

Ojú òsì ṣì ń dúró de iṣẹ́ abẹ tiẹ̀. Màmá ti rí ọsibítù míì, ó ní òun á tún jókòó tì mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ òótọ́, ì báà jẹ́ ìyá yín ló jókòó síbẹ̀. Ta ló ti parọ́ fún dókítà rí nítorí ẹni tó bá a wá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan lojú ń tì. Mo mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbí. Ẹ bá mi ka èyí sí Màmá létí kí Ọjọ́rú tó pé. Ẹ ní kó fi dókítà sílẹ̀, èmi ni mo ba ojú mi jẹ́.