Ọyẹ́ Tí Yírùnyírùn Mú Èmi àti Lúsíà

Ìkòkò omi ni mo fẹ́ gbé rù nígbà tí ọrùn mi kọ̀. A wà létí kànga ní Gbaffo, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là. Mo tẹrí ba láti mú òṣùká nílẹ̀, àfi bí ẹni pé igi ni wọ́n kàn mọ́ mi lẹ́yìn ọrùn. Orí ti ń fọ́ mi láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ta ni orí kì í fọ́ nígbà ọyẹ́? Ohun tó dẹ́rù bà mí ni oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gún mi lójú títí mo fi bì sórí ẹsẹ̀ ara mi.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, Dahome ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa. Àbúrò mi Lúsíà ti Aklampa, nílé àwọn òbí wa, wá láti bá èmi àti ọkọ mi Jósẹ́ẹ̀fù ká òwú. Òun ló dì mí mú níbi kànga. Jósẹ́ẹ̀fù yá kẹ̀kẹ́, ó gbé mi sẹ́yìn rẹ̀, Lúsíà sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn mi kí n má baà ṣubú, títí a fi dé ilé ìwòsàn ní Dassa.

Èrò kún ìloro. Àwọn ọmọdé dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ọrùn wọn tẹ̀ sẹ́yìn. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ìjọ Kátólíìkì tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Masẹ́ẹ̀, gbìyànjú láti tẹ orí mi síwájú. Mo ké. Ó ní yírùnyírùn ni. Ó ṣàlàyé pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ọpọlọ wa, pé omi wà láàárín rẹ̀ tó ṣàn wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí kòkòrò àrùn bá wọ inú omi náà, awọ yẹn á wú, ọrùn á sì le. Kó tó lè dá a lójú, ó ní láti fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi náà láti ẹ̀yìn mi.

Wọ́n ní kí n ká jọ bí ọmọ inú oyún. Lúsíà kúnlẹ̀ síwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni kí ẹ máa wò."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Lúsíà."

"Ẹ̀rù ba Màríà náà nígbà tí áńgẹ́lì kí i. Ẹ má ṣáà dá nìkan bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ ká jọ ka rósárì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Abẹ́rẹ́ wọlé. Ìrora náà sáré gba itan mi dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mira. Ó yẹ kí omi náà mọ́ gaara. Tèmi dà bí omi ìrẹsì.

Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ibà ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀. Nígbà kan tí mo lajú, Lúsíà ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó wà nítòsí mi, ọrùn tirẹ̀ náà ti le. Ó ṣì ń ka rósárì. Mo gbọ́ "gbàdúrà fún wa", lẹ́yìn náà ìró kan bí ìró agbami bò mí létí, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Títí dòní, ohùn Lúsíà ni ohùn ìkẹyìn tí mo gbọ́.

Nígbà tí ibà lọ, ẹní rẹ̀ ṣófo. Mo bi Jósẹ́ẹ̀fù, ó wo ilẹ̀. Ìyá wa ti dé láti Aklampa. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ là, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ìró kankan kò dé etí mi. Mo ní, "Màmá, Lúsíà ńkọ́?" Ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó ṣófo yẹn, ó kọjú sí ògiri. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Mo bi ara mi léèrè bóyá láti ara mi ni Lúsíà ti kó àrùn náà. Nígbà tó yá, Masẹ́ẹ̀ fi sùúrù la ẹnu jẹ́jẹ́, kí n lè máa wo ètè rẹ̀, títí mo fi lóye: èémí là ń gbà kó o, ó ti wà káàkiri abúlé, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí Lúsíà ti kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ọrùn bá le pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo tún ìrìn kọ́. Inú etí ni ohun tó ń mú ká dúró ṣinṣin wà, tèmi sì ti bàjẹ́. Mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, mo ń di àpáta mú gun òkè. Àdúrà kò wá sí mi lẹ́nu. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run tó dá mi sí tí kò dá Lúsíà sí? Ìyá mi, tó dúró tì mí láti ìgbà náà, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wọlé pẹ̀lú gèlè lórí, ó na ọwọ́ sí mi.

Mo ní, "Màmá, mi ò lè."

Mo ti ń mọ ọ̀rọ̀ kà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. "Èmi náà ò lè," ó wí. "Dìde."

A rìn lọ, ó gbé mi ró, mo gbé e ró. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹnu là, orin kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bẹ́ǹṣì láti dìde, mo sì rí i pé pákó náà ń gbọ̀n. Orin wọn ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Ó gba ọwọ́ mi dé àyà. Mo sunkún fún àbúrò mi, mo dúpẹ́ fún ọwọ́ mi, mi ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí gbogbo wọn fi jókòó.