Ilẹ̀ Rírọ̀ Lẹ́yìn Ilé-Ìwé Wa

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé-ìwé padà lẹ́yìn àrùn Kòrónà, èmi ni mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ, ní Ìkàrẹ́ níbí, nítorí ìyá àgbà rẹ̀ tó máa ń mú un lọ kò sí mọ́. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn Ísáàlì, oògùn apakòkòrò tí wọ́n dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, fi gbá mi nímú. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ọmọ náà fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n yára, wọ́n ti ń kọrin. Mo ní mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wà níbòmíràn, ní Ọ̀kà, nínú ọdún tí onígbáméjì pa wá, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀gá ilé-ìwé wa nítorí ṣáláńgá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ bí ilé-ìwé wa ti rí. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, ó di ẹ̀bá odò ká tó tún rí i. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan. Ẹ̀yìn àwọn òkúta ńlá la ń lọ, oníkálukú ló sì ní òkúta tirẹ̀. Mo fi èédú kọ orúkọ mi sára tèmi, mo sì ti jà rí nítorí pé ọmọ kíláàsì kejì kan lò ó láìtọrọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé bí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò tí à ń pọn mu.

Nígbà tí onígbáméjì dé, ẹni tó bá yín jẹun àárọ̀ lè ti gbẹ bí ẹja yíyan kí oòrùn tó wọ̀. Mẹ́ta kú nínú kíláàsì wa. Mojísọ́lá, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú mi, sin àbúrò méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé pa. Lẹ́yìn náà ni wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìkàrẹ́, ó kó àwọn òbí jọ, ó ní òfin tuntun ti jáde. Ilé-ìwé tí kò bá ní ṣáláńgá tó jìn tó ìdúró ènìyàn méjì kí òun tó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, wọn ò ní ṣí i mọ́ láé. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa rìn lọ sí Ìkàrẹ́. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọkùnrin lè rìn ín. Kò sí ìyá tí yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa dá rìn ín, bẹ́ẹ̀ Mojísọ́lá ló ń gba ipò kìíní.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì, ọmọ Èkìtì ni. Ó máa ń na ọmọ bí ẹni ń pa ejò. Ó kó àwa ọmọ kíláàsì karùn-ún àti kẹfà jọ, ó ní àwa fúnra wa la ó gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ọjọ́ méjì la fi na ọkọ́ mọ́ àpáta tí iná ń ta jáde lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta a rí ibì kan lábẹ́ igi ìyeyè tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí èlùbọ́. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni nínú wa tó béèrè ohun tó mú ilẹ̀ rọ̀ lórí òkè Ọ̀kà. Ilẹ̀ tó bá rọ̀ níbẹ̀, ẹnìkan ló ti gbẹ́ ẹ rí.

Mo ti gbẹ́ ẹ dé àyà nígbà tí ọkọ́ mi gbé egungun apá kan jáde, tòun ti ẹ̀gbà idẹ. Mo ju egungun náà nù, mo fi idẹ náà sápò nítorí ó dára, mo sì fi han bàbá mi nírọ̀lẹ́. Bàbá mi fi àtàǹpàkò nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó rí ilà mẹ́ta tí wọ́n fín sí i. Kò jẹun.

Ohun tí wọn kò sọ fún àwa ọmọ rí ni pé ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn tí ilẹ̀ gbígbóná pa nígbà àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń pe ṣànpọ̀nná, bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é rárá. Ẹni tó bá pa, a kì í sunkún rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀, a kì í sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá bàbá mi wà lára wọn. Apá rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí idẹ náà kò fi bọ́, bàbá mi tó jẹ́ ọmọdé sì ń yọjú wò ó nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa gòkè wá pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Bàbá mi ló ṣíwájú. Ọ̀gá jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó rò pé wọ́n wá ràn wá lọ́wọ́ ni. Bàbá mi la kùmọ̀ mọ́ ọn lápá. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dá, bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ẹlòmíràn fi ẹ̀yìn àdá gbá a lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n wó ilẹ̀kùn, wọ́n kó àga wa síta, wọ́n là wọ́n wẹ́wẹ́. Ẹnìkan ní tísà tó ń hú òkú ilẹ̀ gbígbóná ló mú àrùn wọ̀lú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. N kò lè sọ pé èmi ni mo mú idẹ lọ sílé.

Wọ́n ní kí wọ́n dí ihò náà. Ìgbà náà la rí i pé Mojísọ́lá ti bẹ́ sínú rẹ̀, ó sì ti jókòó. Ìyá rẹ̀, tó ti sáré tẹ̀lé àwọn ọkùnrin náà wá, pè é, pè é, kò jáde. Bàbá mi gbé ṣọ́bìrì, ó da yẹ̀pẹ̀ lé e. Ó tún dà á. Ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Jáde, ọmọ yìí. Ṣé o mọ ibi tí o jókòó sí ni?”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ máa dà á. Mo ti sin méjì. Bí wọ́n bá ti ilé-ìwé yìí pa, tí odò yẹn sì wà bó ṣe wà, ẹ̀yin náà lẹ máa sin mí. Ẹ kúkú sin mí báyìí.”

Ṣọ́bìrì dúró lókè. Ọ̀gá tó fẹ̀yìn ti ògiri tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó ní, “Bàbá, àlejò ni mí, n kò mọ̀. Ènìyàn yín wo ló wà níbẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi léèrè bẹ́ẹ̀ rí.

“Ìyá mi ni.”

“Kí lorúkọ wọn?”

“Adéọlá,” ó ní. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìyá àgbà mi. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi.

Ọ̀gá fi ọwọ́ kan ṣoṣo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, òun àti Mojísọ́lá sì ń ṣa egungun sínú ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ilé wa la sin ìyá àgbà mi sí. Bàbá mi sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọkùnrin mìíràn ti ń yọ́ wá, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá tiwọn wà níbẹ̀.

A bo ibẹ̀ padà. Orí àpáta gan-an ni àwọn ọkùnrin náà wá gbẹ́ ṣáláńgá sí. Wọ́n fi àfọ́kù àga wa dáná lé òkúta títí ó fi pọ́n, wọ́n da omi tútù lé e, ó sán, wọ́n sì fi irin tú u. Bàbá mi kò sinmi níbẹ̀. Nígbà tí wolé-wolé dé, ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó sì buwọ́ lùwé. Ilẹ̀ la jókòó sí kàwé ní gbogbo sáà náà. Apá Ọ̀gá kò nà tán mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ẹgba nínà, a sì rí i pé ti ọ̀tún gan-an ló sàn. N kò sọ ti idẹ náà fún un títí ó fi kú.

Mojísọ́lá kàwé, ó di tísà, ó sì gbà láti fẹ́ mi. Àrùn Kòrónà ló pa á.

Ilé-ìwé ti ní omi ẹ̀rọ báyìí, ọ̀pọ̀ òfin dáadáa sì ti jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń múra ìsìnkú rẹ̀, àwọn àgbà ẹbí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ pé àìsàn ráńpẹ́ ni, kí ayé má baà máa sá fún àwọn ọmọ. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àwa díẹ̀ tí wọ́n gbà láyè, mo dìde ka ìtàn ayé rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀, mo dárúkọ àrùn náà. Ènìyàn méjì dìde kúrò lórí àga tó wà nítòsí mi, wọ́n lọ jókòó lẹ́yìn. Mo dúró dè wọ́n kí wọ́n jókòó tán, mo sì ń kà á lọ.