Òkèlè Àkọ́kọ́

Èéfín ti bò mí lójú, mo ń sunkún láìsí ẹni tó nà mí, ìyá tó bí ìyá mi, tí mò ń pè ní Màmá, sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń yí púpurú lórí àjà iná, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ róbótó, tí a ń fi èéfín mú kó gbẹ. Wọ́n ní, "Púpurú ò tíì jiná, ìwọ ti jiná."

Ilé wa ní Ọ̀rẹ̀ kò jìnnà sí gáréèjì. Àwọn obìnrin tó ń ṣe púpurú ládùúgbò ti fi ṣe àṣà: bí ẹnikẹ́ni bá kó tirẹ̀ kúrò lórí iná, á mú ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń sùn ní gáréèjì. Màmá ló ń rò ó, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ sí i. Èmi ni mo ń ru omi tẹ̀lé wọn.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan tó ti wà ní títì pa, tí kì í jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbé e fún un, á tì í padà. Ó ti gbẹ, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ ló máa kú sí. Àwọn obìnrin ní orí rẹ̀ ti dàrú, ká fi í sílẹ̀.

Màmá ò bá wọn jiyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bu òkèlè, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bù lára ẹja, wọ́n mu díẹ̀ nínú omi. Wọ́n wá ti abọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Bìní, wọ́n ń wo mọ́tò bí ẹni tí nǹkan kan ò kàn.

Obìnrin náà ti ń wo ọ̀fun Màmá láti ìgbà tí òkèlè ti wọlé. Ó ṣe díẹ̀, ó nawọ́. Ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Màmá ní ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, pé torí àlejò yìí ò nílé la ṣe gbàgbé. "Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kì í bẹ̀rù májèlé, ọma mi. Ó ṣì fẹ́ wà láàyè."

Màmá ti sùn oorun àìjí báyìí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la wá ń gbé kúlà oúnjẹ lọ sí gáréèjì yẹn, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀jẹun ni mí, pé mi ò lè gbé abọ́ fún èèyàn kí n má bù lára rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Bí mo bá ti gbé òkèlè mì, tí mo rí ojú tó ń wo ọ̀fun mi, àárò Màmá á sọ mí. Màá ti abọ́ sáàárín, màá kọjú sí ọ̀nà Bìní, màá máa wo mọ́tò.