Ìkòkò Victorin Kòsẹ́ran

Ọjọ́ tí olóògbé Victorin Ọ̀ṣuntókun gbé ẹ̀wà sèsé síwájú oníṢàngó ni Ifangni kò lè gbàgbé. Ọdún kẹta òmìnira ni. Ìdílé ọkọ ti Banigbé wá láti tọrọ Marthe, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Victorin bí, fún Dieudonné ọmọ Ṣàngódèyí. Ènìyàn méjìlá lórí ẹní, tará ilé tàlejò. Ìkòkò kan láàárín.

Kò sí ẹran nínú ìkòkò náà. Kò sí ẹja. Kò sí edé, kò sí ẹyin, kò sí wàrà. Ẹ̀wà ni, àti makaróònì, àti tòmáàtì, àti àlùbọ́sà, àti ewé efínrín, nínú omi tó ń ta sánsán. Súùpù ni Victorin ń pè é. Ẹni tó bá pè é lọ́bẹ̀, ìjà ni.

"Ohun tó bá ti rìn rí," ó ní, ó na ṣíbí sókè bí olùkọ́ tó na pàṣán, "tó fò rí, tó lúwẹ̀ẹ́ rí, tó fàyà fà rí, kò sí nínú oúnjẹ yìí. Ẹ̀yin ará Banigbé, ẹ̀yin ará Ifangni, èèwọ̀ ẹnì kankan ò sí níbí. Ẹ máa jẹ."

Ràsákì, ẹ̀gbọ́n ìyá Dieudonné, tí kì í fẹnu kan ẹran tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí ló dúńbú rẹ̀, bu ṣíbí kan. Ó bu èkejì. Thérèse, ẹ̀gbọ́n Victorin, tó ti pa ẹran tì láti Ọjọ́ Eérú nítorí Karẹ́ẹ̀mù, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ṣe àmì àgbélébùú, ó tẹ̀lé e. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ bàbá ọkọ. Nítorí ní àdúgbò yẹn, bí bàbá ọkọ kò bá tíì jẹ nínú ìkòkò ilé ìyàwó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ. Bó bá sì dìde láìjẹ, ó di ọjọ́ mìíràn. Ó tún lè di ilé mìíràn.

Ṣàngódèyí wo inú àwo rẹ̀. Ó fi ṣíbí yí ẹ̀wà kan síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ẹ̀wà ńlá. Funfun. Pẹlẹbẹ.

"Àna mi, kí lẹ pe ẹ̀wà yìí?"

"Sèsé ni, àna mi. Èyí tó dára jù lọ́jà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó rọra gbé ṣíbí kalẹ̀. "Àwa oníṢàngó kì í jẹ sèsé."

Makaróònì dúró lẹ́nu Ràsákì. Victorin ti bi gbogbo ayé léèrè nípa gbogbo nǹkan tó ń mí. Kò rántí béèrè nípa èyí tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ nínú èèpo rẹ̀.

"Victorin," ni Thérèse wí, "Ṣàngó wà nínú orúkọ àna rẹ. Láti àárọ̀ lo ti ń pè é."

Marthe wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, nínú aṣọ tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ó gbọ́ tí Ṣàngódèyí dìde. Ó gbọ́ ohun tó sọ pẹ̀lú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ba ilé jẹ́: "Ẹ ránṣẹ́ bí ohun tí mo lè jẹ bá délẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju Sátidé lọ. Àwọn ará Lagbé kan ń retí wa lọ́jọ́ Àìkú, àwọn náà lọ́mọbìnrin."

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Kí ẹ tó dá Victorin lẹ́bi, ẹ mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe kúùkù fún òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́. Dókítà ti ka ẹran léèwọ̀ fún òyìnbó náà, ló mú kí Victorin kọ́ súùpù ẹ̀wà yìí, tó kọ́ ọ títí tó fi di tirẹ̀. Lọ́dún òmìnira, òyìnbó wọkọ̀ ojú omi. Victorin gun kẹ̀kẹ́ wá sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ orin bọ̀. Òun gbé ìkòkò onírin kan, àti ṣíbí méjìlá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé súùpù náà fún àwọn aládùúgbò, wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró.

"Òkèlè dà?"

"Kò ní òkèlè. Ṣíbí ló ní."

"Victorin, ta ló sọ fún ọ pé ara wa ò yá?"

Ìgbà kan wà tí makaróònì kò wá láti Àjàṣẹ́ mọ́. Oṣù kan gbáko. Ṣé Victorin á jókòó? Ó po ìyẹ̀fun búrẹ́dì mọ́ omi, ó fi ìgò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó gé e tín-ín-rín, ó sá a sórí okùn aṣọ, láàárín ṣòkòtò rẹ̀ àti yẹ̀rì Àpínkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò wá, ó jẹ makaróònì tán, ó fi ṣòkòtò sílẹ̀. Àpínkẹ́ rò pé ọkọ òun á bínú. Ẹnu ọ̀nà ni Victorin dúró sí, tó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ wò ó. Ewúrẹ́ gan-an tọ́ ọ wò, kò béèrè ẹran."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kòsẹ́ran.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ sèsé yẹn, wọ́n pe ìpàdé ilé. Kò pẹ́. Àpínkẹ́ ti rí ojútùú.

"Bàbá Marthe, ẹ ra àgbò kan. Kí Ràsákì dúńbú rẹ̀. Kí oníṢàngó jẹ, kí Mùsùlùmí jẹ. Ó parí."

"Thérèse ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n á mu omi."

"Mo lè mu omi," ni Thérèse wí. "Ogójì ọjọ́ ni Jésù fi gbààwẹ̀. Èmi ò lè fi wákàtí kan mu omi?"

"Kò ní mu omi." Victorin ti dìde. "Ẹnì kan ò ní jókòó máa wo ẹnu ẹlòmíì nínú ilé mi. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn á ti jẹ. Kò sẹ́ran."

"Bàbá," ni Marthe wí, "èmi ni wọ́n fẹ́ fẹ́. Kì í ṣe súùpù."

Marthe sunkún díẹ̀, ó bínú púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá bàbá rẹ̀ lágbàlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kẹ̀kẹ́. Victorin kò gbójú sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ọdún mẹ́rìnlá, Marthe. Èmi ni mo ń se oúnjẹ tábìlì náà, mi ò jókòó sí i rí. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mò ń dúró sí, aṣọ ìnuwọ́ lápá, tí mò ń wo ẹnu wọn." Ó fẹ́ ẹ. Ó tún fẹ́ ẹ. "Mo mọ bó ṣe ń rí nínú ènìyàn. Wọ́n ní òmìnira dé. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé inú àwo."

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí Banigbé. Marthe dúró síbẹ̀, inú ṣì ń bí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti àná.

Dieudonné ló ròyìn ìyókù fún un. Ó ní bàbá òun ń ro oko ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Victorin dé, tó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, tó yọ ìwé ọmọ iléèwé kan àti pẹ́ńsùlù.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ò jẹ?"

"Sèsé."

"Mo ti mọ ìyẹn."

"Gbogbo Ifangni ló ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀wà pupa ńkọ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́."

"Kárọ́ọ̀tì?"

"Eyín mi ló kọ̀ ọ́, kì í ṣe Ṣàngó."

"Mo máa sè é kó rọ̀. Makaróònì?"

"Níbo ni Ṣàngó ti fẹ́ rí makaróònì?"

Victorin kọ ọ́ sílẹ̀: Makaróònì, Ṣàngó ò lòdì sí i.

Ó wá kan Ṣàngódèyí láti béèrè tirẹ̀. "Ẹran ńkọ́, àna mi?"

"Kò sẹ́ran."

"Ẹja gbígbẹ díẹ̀? Fún òórùn lásán?"

"Ó ti lúwẹ̀ẹ́ rí, àna mi."

Ṣàngódèyí fara ti ọkọ́ rẹ̀. "Ọmọ tí ẹ fẹ́ fún wa yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ń se oúnjẹ?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Pátápátá."

Ṣàngódèyí yíjú sí Dieudonné, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ rin ìrìn àjò tó jìn.

Sátidé dé. Ẹ̀wà pupa ti wà nínú omi láti àná. Bàbá àti ọmọ jọ wà nídìí iná. Victorin sun àlùbọ́sà lódindi lórí ẹ̀yinná títí ara rẹ̀ fi dúdú, ó bó o, ó gé e. Ó da irú sínú òróró ẹ̀pà gbígbóná, òórùn gba àdúgbò, Thérèse sín nínú yàrá. Ó bu ẹ̀wà tó ti jinná sórí ọlọ, ó lọ̀ ọ́, ó dà á padà kí omi náà lè ki. Tòmáàtì. Ata. Kárọ́ọ̀tì tí eyín ọmọdé lè jẹ. Kò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ni.

"Máa rò ó," ó ní. "Mò ń lọ já efínrín."

Marthe dá wà pẹ̀lú ìkòkò. Nínú kókó aṣọ rẹ̀, edé lílọ̀ kan wà tí ìyá rẹ̀ fún un láàárọ̀. Ẹ̀kún ọwọ́. Ta ló máa mọ̀? Á yọ́ sínú rẹ̀, adùn á dé, Ṣàngódèyí á jẹ, ará Lagbé á gbélé wọn. Ó tú kókó aṣọ. Ó na ọwọ́ sórí ìkòkò.

Ó wá rántí ṣíbí tí bàbá rẹ̀ máa nà sókè. Ohun tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ rí. Lójú gbogbo ènìyàn ni bàbá rẹ̀ máa sọ ọ́, irọ́ ni yóò sì jẹ́, bàbá náà kò sì ní mọ̀.

Marthe da edé náà sílẹ̀ fún adìẹ.

Victorin padà dé, ewé lọ́wọ́. Ó dúró. Ó gbé imú sókè. "Ta ló ń jẹ edé níbí?"

"Adìẹ ni, Bàbá."

Makaróònì ló kẹ́yìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sínú ìkòkò nígbà tí Thérèse sáré wọlé pé àwọn àna ti dé o, wọ́n ti wà lágbàlá.

"Kò tíì jinná."

"Victorin, àwọn àna ni mo ní."

"Mo gbọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n padà sójú títì, kí wọ́n wá rọra máa bọ̀."

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, wọ́n padà. Ràsákì ló kó wọn lọ. Ó ní òun ti tọ́ ọ wò lọ́jọ́sí, òun ò fẹ́ kí ọkùnrin náà kánjú.

Wọ́n wá jókòó. Wọ́n bù fún oníkálukú. Victorin na ṣíbí Thérèse sókè kó tó fi lé e lọ́wọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, ó wá fi kún un: "Sèsé náà ò sí níbẹ̀." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Marthe wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó di aṣọ náà mú.

Ṣàngódèyí bu ṣíbí kan. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó bu èkejì. Ó fi ṣíbí wá ìdí àwo káàkiri, igun dé igun, bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sẹ́ran lóòótọ́," ó ní. Ó na àwo. "Ẹ bu díẹ̀ sí i."

Lẹ́yìn aṣọ, Marthe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ tuntun rẹ̀.

Àfi bí Ṣàngódèyí tún ṣe gbé ṣíbí dúró. "Àna mi, ẹ̀yin ńkọ́?"

Gbogbo wọn wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Victorin dúró sí, gbọnrangandan, aṣọ ìnuwọ́ lápá. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

"Mo wà dáadáa, àna mi. Ẹ máa jẹ."

"Mi ò lè máa jẹun kí ẹ máa wo ẹnu mi. Ràsákì, ẹ sún."

Ràsákì sún. Victorin wo àyè náà bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ sódò. Ó jókòó. Ṣíbí ò sí mọ́, àwọn méjèèjìlá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣàngódèyí nu tirẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbádá, ó nà án sí i. Victorin bu súùpù. Ó jẹ ẹ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ni Victorin wí.

"Èmi ò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́," ni Ṣàngódèyí fèsì. "Ẹ pe ọmọ náà kó jáde wá."

Ogún ọdún ó lé ni Victorin tún lò lẹ́yìn ìgbéyàwó náà. Banigbé ló ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní ó lọ wo ọmọ rẹ̀. Marthe mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun. Abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ṣàngódèyí ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí, tí wọ́n ń jiyàn. Lórí òjò. Lórí àgbàdo ta ló yọ. Lórí ẹni tó kọ́kọ́ kí èkejì. Bí iyàn bá tán, wọ́n á padà sórí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àárín ọyẹ́ ni Victorin kú, lórí ibùsùn rẹ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, èyí tí kò jọ ọ́ rárá. Lọ́jọ́ kẹjọ, Ṣàngódèyí ti Banigbé wá. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó jókòó ti Marthe lórí ẹní.

"Bàbá rẹ yọ mí lẹ́nu," ó ní.

"Ó yọ yín lẹ́nu, Bàbá."

"Ogún ọdún. Kò jẹ́ kí n fi ọjọ́ Àìkú kan sinmi."

Marthe rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

"Mo mọ̀ pé ó ti lọ," ni arúgbó náà wí. "Èmi náà wà níbẹ̀ tí wọ́n sin ín. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé àga méjì síta."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀."