Ọkọ̀ Pupa Bọ̀dá Ọlálérè

Bí ẹ bá wá sí àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì láàárọ̀, tí ẹ gbọ́ ohùn kan tó ń kùn bí oyin, ẹ má sá. Bọ̀dá Ọlálérè, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ gbóná. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹran. Àwọn àgbà ní ẹni fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu; ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì yìí ni ìyọnu tí Bọ̀dá fọwọ́ ara rẹ̀ rà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dà bí ti ọkọ̀ yòókù. Kò ní písítìnnì tó ń fò sókè sódò; irin onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ìyẹn ló fi ń sáré láìgbọ̀n. Bọ̀dá fi gbé mi lọ sí Ìyìn rí, n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, ó sì ní èèwọ̀: bí a bá ti ṣíná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní tútù, a kò gbọdọ̀ pa á títí yóò fi gbóná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo á kún un lọ́fun, kò ní jẹ́ mọ́. Ẹni tó bá pa èèwọ̀ náà mọ́, kò ní já a kulẹ̀ láéláé. Bọ̀dá ti sọ ọ́ nínú ilé títí ọmọ wọn, Dùnmínínú, fi mọ̀ ọ́n kó tó mọ Àdúrà Olúwa. Àwọn mẹkáníìkì Adó a máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, wọ́n á sì rọra pa á dé, bí ẹni ṣèèṣì ṣí ìkòkò ọbẹ̀ onílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, Monínúọlá, tíṣà ni, ọkọ̀ tó lè ru iṣu ló ń fẹ́. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Ìgèdè kù dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá ṣèlérí pé ọkọ̀ òun lòun yóò fi gbé ìyá wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wí fún un lójú mi pé bí ọkọ̀ náà bá fi dójú tì wọ́n níwájú ìyá òun, títà ni. Bọ̀dá gbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí ọkùnrin tí kì í yẹ àdéhùn ni.

A sùn sí ilé ìyá wa ní Ìgèdè. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, ìyá wa ní ká gbé odó síta ká gúnyán àlejò, ọkọ̀ pupa sì dúró gan-an síbi tí odó máa ń wà. Bọ̀dá ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú kọ́kọ́rọ́, ó sún ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì pa á kíá, bí gbogbo wa ti ń ṣe láti ìgbà tí epo ti wọ́n. Mo ń bó iṣu, mo rí i, n kò sì rántí èèwọ̀ kankan.

Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ìyá wa jókòó sínú ọkọ̀, gèlè rẹ̀ ń kan òrùlé. Bọ̀dá ṣí i. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Bọ̀dá ń ṣí i lọ títí bátìrì fi kú. Gbogbo agboolé ń wò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Mo ti gbà, Ìyá Dùn," ó ní. "Títà ni."

Kò bú ẹnikẹ́ni, kò béèrè ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ti rántí. Ohun tó ń fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Mo pa ẹnu mi mọ́, ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ti àbúrò.

"Èmi ni mo sún un nítorí odó, Bàbá Dùn," ó ní. "Mo sì pa á ní tútù. Ọkọ̀ kò ṣẹ̀ wá."

Bọ̀dá wò ó, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní kó wọlé síbẹ̀, kó tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, kó má bẹ̀rù. Àwa tí a ń gúnyán ju ọmọ odó sílẹ̀, a ti ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ojúde. Ó ta kìjí, ó tú èéfín funfun bò wá, ó sì ké. Ìyá wa, tí kò sọ̀ kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ń pàtẹ́wọ́ nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò jìnnà. Orin ti bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá àti ìyá wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti jó wọlé, òun ṣì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń kùn. Wọ́n rán mi pé kí n lọ pè é.

"Máa lọ," ó ní. "Kò tíì gbóná."