Ìgbà Tí Ohùn Mi Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Há

Àárín orin ni ohùn mi ti kọ́kọ́ dá. A ń ṣe ìdánrawò akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpẹ̀rú ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni, nítorí olùkọ́ ni mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo fọwọ́ kan ọrùn mi níwájú dígí, ẹ̀rù sì bà mí. Ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti yọ sí ìyá mi lọ́rùn gẹ́lẹ́ ni tèmi náà ti ń wú.

Ohun tó pa ìyá mi nìyẹn. Wọn kò gbà láti lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò mú un kúrò. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà, títí omi pàápàá kò fi lè gba ọ̀fun wọn kọjá mọ́. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo kéré nígbà náà. Èmi ni mo sọ fún un pé màmá àgbà yóò dìde.

Ó ti dàgbà báyìí, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kì í lọ. Lójú tiwọn, oorun àti fàájì ni ọjọ́ Àìkú wà fún. Mo ròyìn ọrùn mi fún un lórí fóònù.

"Màmá mi, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ń gbààwẹ̀ o."

"Mo ń gbàdúrà."

"Màmá àgbà náà gbàdúrà. Ta ló dá wọn lóhùn?"

Mo kàn ní n óò lọ sílé ìwòsàn, n óò sì máa gbàdúrà lọ, pé ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Dókítà ní Ṣàgámù tẹ ọrùn mi síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó bi mí léèrè ohun tó pa ìyá mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sì wojú mi mọ́.

"A óò gé e, Màmá. Ṣùgbọ́n ohùn yín lè má padà."

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, òjò ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tan iná sí yàrá. Ọmọ mi jókòó tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà fún mi.

"Mi ò lè parọ́ fún yín, Màmá mi. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ó dùn mí wọ eegun. Síbẹ̀, mo na ọwọ́ sí i.

"Ó dáa. Dì mí lọ́wọ́ mú, èmi á gbà á."

Mo gbàdúrà náà sókè. Mo jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run níṣojú rẹ̀ pé inú ti ń bí mi sí I láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú. Ọmọ mi kò ṣe àmín. Kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí wọ́n fi wá gbé mi lọ.

Ohùn mi kò padà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní láti sún mọ́ mi kí wọ́n tó gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni àbájáde àyẹ̀wò ohun tí wọ́n gé jáde dé: jẹjẹrẹ ni, ó sì ti tàn dé ibòmíràn lára mi. Ọmọ mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú báàgì.

Mo ṣì ń jókòó láàárín akọrin. Bí wọ́n bá ń kọrin, mo máa ń la ẹnu pẹ̀lú wọn, n kì í gbọ́ ara mi. Ó ní ọjọ́ tí n kì í mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Mo máa ń dúró títí orin á fi parí.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ń lọ sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú mìíràn. Ọmọ mi ní òun á ti wá sùn lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ Sátidé. Mo bi í bóyá á bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

"Màá fi mọ́tò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà," ó ní.