Orúkọ Màámi Ni Mo Fi Tì Í

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi wí, kó kọ́kọ́ fi ìyàwó ilé tó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ hàn mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wọlé ọkọ. Màámi ni mo bá ọkọ mi tó ń pè wọ́n, Màámi lèmi náà ń pè wọ́n, àwọn ará Ṣakí, ìlú ọkọ mi, tó ń wá kí wa sì ń pè wọ́n ní Ìyá Àgbà. Ó tán.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ketu, lójú ọ̀nà Ikosi. À ń tẹ̀wé, a sì ń bá àwọn èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tòkunbọ̀ tó ti gbó ni àwọn kọ̀ǹpútà wa, ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi gbé Linux sórí wọn dípò Windows: ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún wọn. Nígbà tó rí i pé àwọn oníbàárà ń yọjú wo ìwé ẹlòmíì bí a bá ti kẹ̀yìn, ó fi ohun kan kún un tó ń ti ojú kọ̀ǹpútà pa. Bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì péré, ojú rẹ̀ á dúdú, á wá máa bèèrè páásìwọ́ọ̀dù. Bí o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ìdajì wákàtí kó tó tún gbọ́ tìẹ. Èmi ò fẹ́ràn nǹkan náà rárá. Ó ń ṣe bíi máígáàdì tó gbàgbé ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi ń lọ ra páàtì jẹnẹrétọ̀ ní Owódé Onírin. Ó ti dẹ́nu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

“Mo ti yí páásìwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ńlá padà o. Orúkọ Màámi ni mo fi tì í. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo ẹ̀.”

“Ó dáa,” ni mo wí. Oníbàárà wà níwájú mi, n kò tilẹ̀ ronú sí i.

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa nígbà tí ìyá aránṣọ tó múlé ti ṣọ́ọ̀bù wa sáré wọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí ààyè sí iléèwé nọ́ọ̀sì, àmọ́ aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni wọn ò ní gba ìwé mọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ò bá wọlé, ààyè rẹ̀ di ti ẹlòmíì. A ti ya àwọn ìwé ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà ńlá láti àná, ó sì ti kó ojúlówó wọn padà sílé ní Ifákọ̀. Kò sẹ́ni tó lè lọ kó wọn dé kí aago mẹ́rin tó lù.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí n kò tíì fọwọ́ kàn látàárọ̀. Ó bèèrè páásìwọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi dúró sókè. Orúkọ Màámi. Kí lorúkọ Màámi?

Mo tẹ “maami”. Ó kọ̀. Mo pe ọkọ mi, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo tún un pè, mo ṣépè fún bátìrì rẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

“Aunty, kí ló dé?” ni ìyá aránṣọ bi mí.

“Kò sí nǹkan kan, Mummy.” Irọ́ ni.

Mo pe Màámi ní Ṣakí.

“Ìyàwó mi, ṣé kò sí o?”

“Kò sí o, mà. Màámi, ẹ má bínú… kí lorúkọ yín, mà?”

Ohùn wọn yí padà.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà! Ọmọ yín ló fi orúkọ yín ti kọ̀ǹpútà, ọmọ ọlọ́mọ sì fẹ́ pàdánù iléèwé.”

“Èwo nínú orúkọ mi?”

Mo ti gbàgbé pé ọmọ Yorùbá kì í jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n kà wọ́n fún mi: èyí tí ààfáà sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, èyí tí ìyá bàbá wọn sọ wọ́n, àti oríkì wọn. Orúkọ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù fún mi.

“Èwo ló máa ń pè yín nínú ẹ̀, mà?”

“Ta ni? Ọmọ mi? Ọmọ wo ló ń pe ìyá ẹ̀ lórúkọ?”

Mo tẹ èyí tí ààfáà sọ wọ́n, torí mo rò pé òun ló máa wà lára káàdì ìdìbò wọn. Ó kọ̀. Ó ku ẹyọ kan. Ìyá aránṣọ ti ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó di ẹ̀yìn àga mi mú débi pé àga ń gbọ̀n. Inú bí mi. Ó ṣe mí bíi kí n lé e jáde, àmọ́ mo wo ojú rẹ̀, mo sì panu mọ́.

“Màámi, ẹ bá mi rò ó, mà. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Mò ń gbọ́ igbe adìyẹ lẹ́yìn wọn.

“Nígbà tó wà ní praímárì, òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kùmásì. Oríkì ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Oríkì yẹn ni mo máa ń ní kó kọ sísàlẹ̀.”

Mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíì. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. N kò ní kọ oríkì náà síbí. Ìyàwó ilé ṣì ni mí.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́, àwọn ìwé náà ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn sì wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá aránṣọ kúnlẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo rántí fóònù. Màámi ò tíì gbé e sílẹ̀.

“Ṣé ó ti ṣí?”

“Ó ti ṣí, mà. Ìwé ọmọ náà ti wọlé. Ẹ ṣeun gan-an, mà.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ìyàwó mi, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ru lọ́jọ́sí tí mo wá sọ́dọ̀ yín, tí o sáré gbé mi lọ sí ọsibítù, tí wọ́n ní kí o kọ káàdì mi. Orúkọ wo lo kọ síbẹ̀?”

“Mama” ni mo kọ. Mo fi orúkọ bàbá ọkọ mi tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì gbà á bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí. Wọ́n dúró lórí fóònù, wọ́n ń retí kí n sọ ọ́.